Agbọ̀n kan, ìlú mélòó lọ́jọ́ kan? Mo fẹ́ sọ díìsì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Rẹ́mọ

ỌmọMọ̀lípà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mọ̀lípà, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wa tírélà ní Charlotte, ní North Carolina, Amẹ́ríkà. Mo ti wálé ọdún báyìí, mo sì gbé ohun kan bọ̀ tí gbogbo agboolé ń wò bí ẹni wo egúngún lọ́sàn-án gangan: agbọ̀n disc golf tó ṣeé ká pọ̀, tó ní ṣéènì jọwọrọ yí ká. Ẹni tó ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Èkó bi mí bóyá àgò adìyẹ ni. Mo ní rárá, eré ni. Ó wo ṣéènì, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: bíi gọ́ọ̀fù ni, àmọ́ kò sí ọ̀pá, kò sí bọ́ọ̀lù. Díìsì oníke là ń sọ, ó rí pẹlẹbẹ bí ọmọrí abọ́, èyí tó wọ́pọ̀ kì í ju nǹkan bíi 175 gíráàmù lọ. Ẹ ó dúró síbì kan, ẹ ó sọ ọ́ síhà agbọ̀n tó wà ní bíi 80 mítà sí yín. Ibi tó bá balẹ̀ sí lẹ ó ti tún un sọ, títí yóò fi kọ lu ṣéènì, tí yóò sì jábọ́ sínú agbọ̀n. Ẹni tí iye ìgbà tó sọ ọ́ bá kéré jù ló jẹ. A ṣì ń pe agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ihò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ní Charlotte, pápá rẹ̀ kún ìgboro, ọ̀pọ̀ wà nínú ọgbà ìjọba, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ ò sì ní bi ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì bẹ̀rẹ̀ ní Hornets Nest láàárọ̀ kùtù, a bọ́ sí Nevin, a jẹun nínú ọkọ̀, a sì lọ parí rẹ̀ sí Renaissance kí ilẹ̀ tó ṣú. Ihò 54 lọ́jọ́ kan! N ò lè gbé ife tíì sókè fún ọjọ́ méjì, àmọ́ inú mi dùn bíi pé mo jẹ ìkòkòrẹ́ ọjọ́ ọdún.

Irú ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣe nílé. Ètò mi rèé: ká bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká kọjá sí Òkè-Erí kí àwọn ọmọ lè rí Erédò, kòtò àti ògiri àtijọ́ yẹn, lẹ́yìn náà Àgọ́-Ìwòyè, Ìkẹ́nẹ́, Ìperu, ká wá fi Ṣágámù ṣe ìkádìí. Àwa mẹ́rin ni: èmi, àbúrò mi obìnrin, àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí agbọ̀n ẹyọ kan ò bá ti tó, mo fẹ́ so aṣọ pupa mọ́ igi, ká máa sọ díìsì bá igi náà. Kì í ṣe màgòmágó o. Pápá disc golf àkọ́kọ́ tó wà títí, èyí tí Ed Headrick ṣe sí Oak Grove ní California ní 1975, òpó lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ díìsì bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òun fúnra rẹ̀ ṣe agbọ̀n oníṣéènì jáde.

Ìbéèrè mi: pápá wo ló fẹ̀, tí igi díẹ̀ wà níbẹ̀, ní àwọn ìlú yìí? Ta ni mo máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ̀? Ọjọ́ wo ló dáa láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun? Ẹ tètè dáhùn, kí díìsì mi tó tán. Pọ́tà mi, ìyẹn èyí tí a fi ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n nítòsí, Àǹtí mi ti fi bo gàrí. Wọ́n ní ó bá ẹnu abọ́ náà mu gẹ́lẹ́.

---

TíṣàFẹ̀yìntì:

Ọmọ mi, káàbọ̀ sílé. Ìlú mẹ́fà lọ́jọ́ kan? Ṣé ìpolongo ìbò lo bá wá ni?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní agbègbè Ìkẹ́nẹ́ yìí, mo mọ pápá, mo sì mọ àwọn tó ni pápá. Ohun tí o gbàgbé nínú ìṣirò rẹ nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, o sọ pé ẹ kì í bi ẹnikẹ́ni. Níbí, kò sí pápá tí kò ní ẹni tí a ó kí. Bí o bá dé ilé ọ̀gá ilé-ìwé láti sọ pé "ẹ ṣeun, a ti dé," wọn kò ní jẹ́ kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn á gbé omi wá. Wọn á bi ọ́ ọmọ ta ni ọ́ ní Mọ̀lípà. Bí wọ́n bá sì wá mọ bàbá rẹ, o ti bọ́ nìyẹn, wákàtí kan ti lọ, díìsì kankan kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ìkíni yìí ni kí o fi sínú ètò rẹ, má wo ojú ọ̀nà nìkan. Mo fún ọ ní ìlú mẹ́ta. Bí o bá lè ṣe é tán, wá sọ fún mi, n óò pọ́n ọ lé.

Nípa àṣẹ: ilé-ìwé á ti wà ní ìsinmi, mẹ́gáàdì nìkan lẹ ó bá lẹ́nu géètì. Má bá mẹ́gáàdì nìkan ṣe é. Bó bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ tó ṣílẹ̀kùn, tí ẹlòmíì wá dé tó ní ta ló fún yín láṣẹ, ojú yóò tì ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Pe ọ̀gá ilé-ìwé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí o mú lẹ́tà pélébé kan dání. Ilẹ̀ ilé-ìwé Mayflower, tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, fẹ̀ dáadáa, igi sì wà níbẹ̀, àmọ́ láìsí lẹ́tà, má dé ibẹ̀. Pápá tí Remo Stars ti ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Gbàgbé ẹ̀. Àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2025 kò ní gbé koríko wọn sílẹ̀ fún ọmọrí abọ́.

Ọjọ́: má mú Sátidé. Ọ̀pọ̀ pápá ilé-ìwé ló ti di ibi tí wọ́n ń ta kánópì sí fún ìnáwó, o sì mọ àwa Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi, fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Tuesday tàbí Wednesday ló dáa. Bó bá sì ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ti gba pápá fún bọ́ọ̀lù, wọn kò ní gbọ́ tìrẹ.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan méjì. Agbọ̀n kan ṣoṣo, báwo lẹ ṣe ń rí ihò púpọ̀ níbẹ̀? Ọyẹ́ yìí ńkọ́, kò ní gbé ike lọ?

---

Kọ́rópeṢágámù:

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀lípà, ẹ kú àbọ̀. Ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń ná lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà.

Àkọ́kọ́, Àgọ́-Ìwòyè. Àríwá nìyẹn. Ìwọ̀-oòrùn ni Rẹ́mọ wà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ fẹ́ na apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ yọ Àgọ́-Ìwòyè kúrò, kí ẹ fi í ṣe ọjọ́ tirẹ̀.

Ìkejì, ẹ yí ètò yín po. Ẹ ti ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé kí ẹ lọ parí sí Ṣágámù. Ta ni yóò wá gbé yín padà sí Mọ̀lípà lálẹ́, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí tírélà Ọ̀rẹ̀ àti Benin ń gbà, láàárín ọdún? Ẹ̀yin náà ń wa tírélà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tó jìnnà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní ìdájí, kí ẹ máa sún mọ́lé bí oòrùn ṣe ń lọ. Ìperu, Ìkẹ́nẹ́, kí ẹ gba Òdògbolú wọlé. Bí nǹkan bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé yín ni yóò pẹ́ sí.

Ìkẹta, owó ọkọ̀. Ẹ má ná an ní ìlú sí ìlú, wọ́n á fi yín jẹun. Ẹ gba ọkọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ ti fẹnu kò lórí ta ló ń ra epo kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ẹ ó máa dúró. Àwa kì í bínú sí ìdúró, ohun tí a kò bá gbọ́ ṣáájú ló máa ń bí wa nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé agbọ̀n yẹn á wọ bọ́ọ̀tù?

---

ÌyáẸlẹ́bìrìpò:

Ẹ kúuṣẹ́ o. Èmi ò mọ díìsì, oúnjẹ ni mo mọ̀. Àmọ́ mo ka ọ̀rọ̀ yín dé ibi aṣọ pupa, ni mo bá gbé ṣíbí sílẹ̀.

Aṣọ pupa kẹ̀! Lára igi! Ní Rẹ́mọ! Ẹ ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà lóòótọ́. Kí ẹ tó sọ díìsì ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ti ní ta ló di ààlè sídìí igi àwọn, ta ni wọ́n ń wá. Ẹ tún lè má mọ irú igi tó jẹ́. Igi kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìperu níbí tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀, àlejò ò sì lè mọ̀. Ẹ má ro pé ẹ ó fi funfun rọ́pò o, ìyẹn tún burú jù. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni kí ẹ lò, ìyẹn aláwọ̀ ìyeyè yẹn. Ẹ gbé e lé orí àpótí, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù kẹ́ẹ̀gì. Díìsì bá bà á, yóò dún "gbàà!", gbogbo èèyàn á gbọ́ pé ẹ ti jẹ.

Ẹ ní àbúrò yín obìnrin wà níbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ẹnì kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi í bóyá orò kò jáde lọ́jọ́ náà. Ìpè kan ni.

Ní ti oúnjẹ, ìkòkòrẹ́ tí ẹ dárúkọ kì í ṣe oúnjẹ ìrìn-àjò. Kó gbóná nínú ìkòkò ló dáa, bó bá tutù nínú kúlà ó ti di nǹkan míì. Ẹ̀bìrìpò ni kí ẹ mú: kókò tí a rin, tí a fi ewé pọ́n, tí a sè. Ó ń bẹ nínú ewé rẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́ kí ẹ fi èkejì di ike yín mú. Ẹ ya ọbẹ̀ sọ́tọ̀. Omi inú ọ̀rá, àpò kan kò ní tó yín nínú oòrùn ọyẹ́, ẹ gba méjì.

Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n bá sá láfún sí o. Ìyá àgbà kan kò ní bi yín pé eré kí ni bí ike bá bọ́ sáàárín láfún rẹ̀.

---

AyòNiTèmi:

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ọpọ́n ayò kan, ọmọ ayò 48, abẹ́ ìbòji. Kò sí mẹ́gáàdì, kò sí lẹ́tà, kò sí epo. Bí ẹ bá ta á tán ní Mọ̀lípà, kí ẹ wá bá mi ní Ìta-Ọ̀ṣun.

---

ỌmọÒkèErí:

Mo dúró kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ Erédò, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé agbọ̀n wá sí Erédò. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, torí mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń sọ òkò kọjá kòtò náà: ẹ fẹ́ dúró ní etí kan kí ẹ sọ díìsì sí etí kejì. Ó máa wu ojú lóòótọ́. Àwọn ibì kan wà tí ìsàlẹ̀ kòtò sí orí ògiri rẹ̀ tó 20 mítà, gbogbo rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ọwọ́ làwọn baba wa fi gbẹ́ amọ̀ yẹn. Láti 1995 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO pé àwọn fẹ́ kí wọ́n gbà wọlé. Bí díìsì bá bọ́ sísàlẹ̀, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un láàárín ẹ̀gún àti ejò? Ẹni tó bá sì rọra yọ̀, ara ògiri ni yóò máa wó bó ṣe ń lọ.

Ojúbọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ni Erédò, wà nílùú wa, ẹ sì mọ̀ pé obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Àbúrò yín lè wá sí ìlú, a óò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ẹ má mú un lọ títí dé ibẹ̀ kí ẹ tó ní kó dúró síta. Ẹ sọ fún un láti ilé. Ẹ wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ fi díìsì sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde.

---

ỌmọMọ̀lípà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ. Ibi ìpolongo ìbò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọnarébù.

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Agbọ̀n kan: àárín pápá la máa gbé e sí, ibi ìdúró la ó máa pààrọ̀. Ẹ̀yìn igi máńgòrò kan, igun gólì, ẹ̀gbẹ́ kíláàsì, abẹ́ kaṣú. Ibi mẹ́fà yí ká, ihò mẹ́fà nìyẹn. Bí a bá ti yí i po tán, a ó gbé agbọ̀n sún sẹ́yìn, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin á fi bíi ìṣẹ́jú àádọ́ta sọ ihò mẹ́fà, torí àwọn ọmọ máa ń jiyàn lórí iye tí wọ́n sọ.

Ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Fún àwa tí à ń fi ọwọ́ ọ̀tún sọ ọ́ láti òsì, bí ẹni ń ta káàdì, díìsì máa ń yà sí òsì bó bá ń rẹ̀ ẹ́. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ wá, ó máa ń gbé e ṣubú sí ọ̀tún, ó sì lè bá a lọ sáàárín ìgbẹ́ kó tó rántí òsì. Nítorí náà, ìdájí kí atẹ́gùn tó jí la máa sọ àwọn èyí tó jìn, èyí tó wúwo ni a ó sì lò bí ó bá le. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kejì tí mo dé: díìsì aláwọ̀ ọsàn tí mo fẹ́ràn jù, bó bá balẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa tí koríko rẹ̀ ti gbẹ, ó di àwátì. A wá a fún ìdajì wákàtí, àgùntàn kan ló dúró tì í. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ píǹkì kò lè sá fún wa, òun ni mo fi ṣe olórí báyìí.

Mo ti fi Ṣágámù àti Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, torí mo fẹ́ ra obì ní Ṣágámù. Aṣọ pupa ti padà sínú àpótí ìránṣọ. Òkè-Erí di ọjọ́ tirẹ̀, mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́, ó ní òun náà ti mọ̀ kí n tó mọ̀, èmi nìkan ni Charlotte jẹ́ kó gbàgbé. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ètò tuntun: Tuesday, a ó kúrò ní Mọ̀lípà láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ìperu ni a ó kọ́kọ́ lọ, a ó sọ ihò méjìlá níbẹ̀ kí oòrùn tó le. Ìkẹ́nẹ́ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo bá kí Ọ̀gá Tíṣà, mo sì ti ya wákàtí kan gbáko sọ́tọ̀ fún ìkíni yẹn nìkan. A ó jẹun níbẹ̀, a ó sinmi kí ọ̀sán rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gba Òdògbolú padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ká lè parí kí àwọn ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù dé. Ó dùn mí díẹ̀ pé ìwọ̀nba ihò 30 péré ni, àmọ́ ìlú mẹ́ta náà ni.

Arákùnrin Kọ́rópe, bó bá ká, agbọ̀n náà á wọ bọ́ọ̀tù, òpó àárín rẹ̀ nìkan la ó gbé sí ẹsẹ̀ èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ráyè lọ́jọ́ Tuesday? Èmi ni n óò ra epo, ẹ ti gbọ́ ọ ṣáájú.

---

Kọ́rópeṢágámù:

Mo ráyè. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ aago márùn-ún. Ààbọ̀ yẹn, ẹ ó fi wá bàtà ni.

---

TíṣàFẹ̀yìntì:

Wákàtí kan ò tó, àmọ́ o gbìyànjú. Mo ti bá ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi sọ̀rọ̀, ó ní kí o mú lẹ́tà náà wá, kí ó lè fi sínú fáìlì. Àwọn ọmọ àdúgbò á pé lé yín lórí bí eṣinṣin. Má lé wọn. Yan méjì nínú wọn kí wọ́n máa bá yín wá díìsì, kí o jẹ́ kí àwọn yòókù sọ ọ́ ní ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún mi kò dáa mọ́, àmọ́ apá mi ń bẹ.

---

ÌyáẸlẹ́bìrìpò:

Ẹ̀bìrìpò mélòó ni kí n pọ́n? Bí ẹ bá máa kọjá lọ́dọ̀ mi ní Ìperu, ẹ sọ ọ́ lónìí, torí kókò kì í rin ara rẹ̀.

---

ỌmọMọ̀lípà:

Méjìlá, Ìyá wa. Dẹ́rẹ́bà àti Ọ̀gá Tíṣà wà nínú rẹ̀.

Nǹkan kan ló kù. Àǹtí mi kọ̀, wọn ò dá pọ́tà mi padà. Wọ́n ní kí n lọ fi òmíràn sọ ọ́, pé kòkòrò kò tíì wọ gàrí àwọn láti ọjọ́ tí àwọn ti fi bò ó. Kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ sínú agbọ̀n nítòsí láìsí i, èyí tó kù lọ́wọ́ mi máa ń yọ̀ gba inú ṣéènì jáde. Bí ẹ bá ń lọ ọjà, ẹ bá mi wo ọmọrí oníke kan tó nípọn, kí n fi ṣe pàṣípààrọ̀.

---

ÌyáẸlẹ́bìrìpò:

Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí. Báwo ni ẹnu abọ́ náà ṣe fẹ̀ tó?

---

ỌmọMọ̀lípà:

Sẹ̀ǹtímítà 21 gééré.